Màgásíìnì Tí Kò Fẹ́ Parí

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà, tí ẹ ní ẹ ń wá ọkùnrin tó ń ṣe màgásíìnì, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé Ó-Ku-Díẹ̀ lẹ ń wá, ọmọdé pàápàá á fi ọwọ́ júwe ilé fún yín. Bàbá tó bí i kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yìí o. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́, àwọn aládùúgbò gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ́ ọkùnrin náà lára débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an ní báńkì, á jókòó jẹ́jẹ́, á máa wo ẹni tó máa dìde. Ohunkóhun tí ẹ bá bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni. Ṣé àwòrán ti jáde? Ó ku díẹ̀. Ṣé bébà ti gbẹ? Ó ku díẹ̀. Ṣé ó ti jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un láàárọ̀ tán? Ó ku díẹ̀, àwo oúnjẹ náà á sì wà lórí ẹ̀rọ títí ìrọ̀lẹ́, tí íńkì búlúù á ti kán sí i.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páìpù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ ó gba àárín páìpù kọjá, ẹ ó tẹ̀ ba kí irin má baà gbá yín lórí, kí ẹ tó rí ilẹ̀kùn. Nínú yàrá náà, okùn ni wọ́n ta láti ògiri dé ògiri bíi ti ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, bébà ló sì ń rọ̀ lórí rẹ̀. Àárín gbùngbùn ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ti fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ tẹ ìbéèrè ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ kan kí wọ́n tó tà á lọ́pọ̀. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ pupa, ẹ ó ki àgbá íńkì pupa bọ inú rẹ̀, ẹ ó tẹ bébà, ẹ ó dúró kí ó gbẹ. Ẹ ó wá yọ pupa, ẹ ó ki búlúù bọ̀ ọ́, ẹ ó sì kó bébà yẹn kan náà padà síbẹ̀. Bí bébà bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, imú ẹni tó wà nínú àwòrán á bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Àwọn atẹ̀wé tó kù máa ń sá fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ẹní ń sá fún àrùn. Ní ti ọkùnrin wa, ohun tó ń wá kiri gan-an nìyẹn. Ó ní ibi tí àwọ̀ bá ti yẹ̀ ni ẹwà ń gbé.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́ dájú. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ya kàlẹ́ńdà àti bébà ara agolo fún iléeṣẹ́ kan, níbi tí ọ̀gá ti máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, tí á ní kí ó mú lẹ́tà tóbi sí i. Ní ọjọ́ kan ó ní òun ò mú un tóbi mọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kọ ìtàn, tí gbogbo wa ń pè ní Akọ̀wé, sì dá màgásíìnì tiwọn sílẹ̀. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n tẹ ti àkọ́kọ́ sí. Ẹni tó bá kà á tán, ó di dandan kó lọ fọ ọwọ́. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó bu íńkì pupa sí apá kan àgbá, ó bu yẹ́lò sí apá kejì, ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa wọnú ara wọn bí ẹ̀rọ ti ń yí, tí kò fi sí ẹ̀dà méjì tó jọra. Àwọn tó rà á ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn bí ọmọ iléèwé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wá burú jù. Àfi kí ẹ gbé ojú ìwé sókè kí oòrùn gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé kí ẹ tó rí ọ̀rọ̀ kà níbẹ̀, òjò sì rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Gbogbo èèyàn gbé ìwé sókè, wọ́n ń wo òfìfo. Akọ̀wé, ẹni tó fi òógùn ojú kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ò bá a sọ̀rọ̀ títí inú rẹ̀ fi rọ̀.

Ẹni tó ń rán ẹ̀yìn màgásíìnì náà ni ẹ̀gbọ́n Ó-Ku-Díẹ̀ tó jẹ́ obìnrin, Àǹtí. Rírán ni mo wí o, ẹ gbọ́ mi yé. Àwọn ẹlòmíì máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé, àwọn mìíì á fi píìnì kàn án. Ó-Ku-Díẹ̀ ò gbọ́, kò gbà, ó ní òwú pupa lòun fẹ́. Àǹtí sì rèé, télọ̀ ni. Á ká bébà sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣínnì rẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé kọ́là sára ẹ̀wù, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gìrìgìrì, ẹ̀yìn ìwé á sì dè pinpin. Bó ti ń rán an ló ń kùn. Á ní bébà yìí ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ òun kúnu, àti pé òun ò mọ ohun tí àwọn tó láṣọ lára ń fi irú ìwé báyìí ṣe. Àmọ́ ẹ má gbìyànjú láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ yìí láti kékeré nígbà tí ìyá wọn kú, bí ó bá sì wí fún un pé kó dìde, kódà pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun tó ti ń hù yìí, ó máa dìde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ọ̀rọ̀ ni pé ojú Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó kọ́kọ́ rán apá ẹ̀wù kan ní òdì, ó ní ẹjọ́ aṣọ ni. Ó tún rán òmíì, ó ní iná ilé ò mọ́lẹ̀ tó. Nígbà tí wọ́n fi tipátipá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, dókítà ní ìfúnpá tó wà nínú ẹyinjú ti ba ohun tó bà jẹ́ jẹ́. Èyí tó ti lọ ò ní padà wá. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú kàn lè fà á sẹ́yìn díẹ̀ ni, kí ọdún tó yí po, ìmọ́lẹ̀ tó kù náà á ti tán. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà bí ẹni pé ẹ̀wù ló bá a rán. Ó dé ilé, ó kó aṣọ oníbàárà padà fún oníbàárà, ó sì gbé pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé.

Ojú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà ni àbúrò rẹ̀ ti sọ fún un. Ó ní màgásíìnì tí àwọn máa ṣe tẹ̀lé èyí, iṣẹ́ Àǹtí ni yóò dá lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ojú ìwé kan máa wà níbẹ̀ tí Akọ̀wé ò ní fọwọ́ kàn, tí òun máa fi ọwọ́ ara òun kọ, nítorí ohun kan wà tí òun ti ń fẹ́ bá a sọ tipẹ́ tí kì í wá sí òun lẹ́nu. Òun fẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ kà á. Àǹtí rìn síwájú díẹ̀, kò wò ó.

"Tètè ṣe é nígbà náà," ló sọ.

Ẹ̀yin náà ẹ wo iṣẹ́ o. Ta ni wọ́n ní kó tètè ṣe nǹkan?

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí n sọ tòótọ́. Ó lọ kó gbogbo bébà tí Àǹtí fi ń gé aṣọ, ti apá, ti kọ́là, ti ìbàdí, pẹ̀lú àmì ṣọ́ọ̀kì tó wà lára wọn. Ó ya fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti di sáásì tó fi ń gé aṣọ mú. Akọ̀wé jókòó ti Àǹtí, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tètè kọ tirẹ̀ wá. Ó-Ku-Díẹ̀ náà kọ ojú ìwé kan tirẹ̀, ó sì tò ó sórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo nǹkan pé. Ó wá ku kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ó tẹ díẹ̀ wò, ó ní ó ti dúdú jù. Ó ní iṣẹ́ Àǹtí kì í pariwo, nítorí náà íńkì tí wọ́n máa fi tẹ̀ ẹ́ ò gbọ́dọ̀ pariwo. Ó fi funfun là á. Ó ní ó ṣì ń pariwo díẹ̀. Ó tún là á. Ó po yẹ́lò kan tó fúyẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà funfun, ó fi píńkì tó ṣá tẹ àwòrán lé e, ó wá fà sẹ́yìn, ó gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín bí ìyàwó tuntun. Ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, gba bébà náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó béèrè pé èwo ni ojú ìwé nínú rẹ̀. Ó ní ó jọ pé afẹ́fẹ́ lẹ ń tẹ̀. Ọkọ ní kò yé e ni. Lóòótọ́, kò yé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bébà ìdánwò fún yín kí ó má baà rú yín lójú. Bí atẹ̀wé bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ bọ́ síbi tó yẹ, kì í fi bébà tuntun dán an wò. Èyí tó ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa kì bọnú ẹ̀rọ. Lónìí ó fi dán ojú ìwé kan wò, lọ́la ó fi dán òmíì wò lórí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lọ́tùnla òmíì tún gun orí rẹ̀, títí ọ̀rọ̀, àwòrán àti àmì ṣọ́ọ̀kì á fi máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Íńkì tí kò tíì là ló sì fi ń ṣe ìyẹn, tó dúdú kirikiri, kí ó má baà fi èyí tó pò ṣòfò. Bí wọ́n bá ti bọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Àwọn ojúlówó ló ń rọ̀ lórí okùn. Oníṣọ́ọ̀bù páìpù a máa wá ṣa nínú ti ilẹ̀ yìí láti fi di nọ́ọ̀tì àti bóòlù fún oníbàárà.

Àǹtí máa ń wá. Á fi ọwọ́ tọ ara páìpù wọlé, á jókòó sórí páálí, á béèrè pé ibo ni wọ́n bá a dé. Àbúrò rẹ̀ á ṣàlàyé fún un nípa yẹ́lò, pé ti àná dára ṣùgbọ́n ó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Àǹtí á ní ó dáa. Á jókòó díẹ̀ sí i, á dìde, á tún fi ọwọ́ tọ ara páìpù jáde. Nígbà tó ṣe, ó ṣì ń wá, ṣùgbọ́n kò béèrè mọ́. Inú Ó-Ku-Díẹ̀ dùn, ó ní sùúrù ti wọ Àǹtí lára. Ìyàwó rẹ̀ gbé kẹ́tù tó fẹ́ fi se omi kalẹ̀.

"Ojú Àǹtí ò mọ̀ pé àwọ̀ lẹ ń wá," ó sọ fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jáde lọ́jọ́ kejì láti lọ ra bébà tó máa fi tẹ gbogbo rẹ̀ parí. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń ta bébà, wọ́n gbé funfun oríṣiríṣi síwájú rẹ̀, gbogbo ọjọ́ sì lọ sí i. Ó ń gbé funfun kan sún mọ́ funfun kejì, ó ń mú wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mú wọn bọ̀. Ẹni tó ń tajà jẹun, ó sùn, ó jí, ó bá a níbẹ̀. Nígbà tó padà dé yàrá iṣẹ́, ó rí i pé bébà ẹ̀bá ilẹ̀kùn ti lọ ráúráú. Ó ní oníṣọ́ọ̀bù páìpù ti tajà gan-an lónìí, kò sì wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó gbé àwo oúnjẹ àárọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oníṣọ́ọ̀bù páìpù kí i kú oríire. Ó ní òun ti rí màgásíìnì lọ́wọ́ Àǹtí, ó rẹwà, ó wúwo lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ò rí gbólóhùn kan kà níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò ya òun lẹ́nu. Ó-Ku-Díẹ̀ rò pé ó ń bá òun ṣàwàdà ni. Ìgbà tí Akọ̀wé wá fi fóònù pè é, tí ohùn rẹ̀ le koko, tó ní irú ìwà wo ni kí èèyàn gbé ìwé jáde kó má sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ni ín, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé e. Àǹtí ló wá kó bébà ìdánwò. Ó ti ká a, ó ti fi òwú pupa rán an, ó sì ń mú un kiri fi han èèyàn pé ìwé àbúrò òun ti jáde.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ bù máṣọ. Ojú tó ti burú débi pé kò mọ ìwé yàtọ̀ sí ìdọ̀tí mọ́, ẹni tó máa ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìwo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀! Àánú Àǹtí ṣe é, ojú sì tún ń tì í nítorí àwọn tí wọ́n ti rí ohun tó bà jẹ́ yẹn pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, òun náà ò sì mọ̀. Ó ká àwọn ojúlówó kúrò lórí okùn, ó fi bébà wé wọn, ó gba ọ̀nà ilé Àǹtí lọ. Láti ibẹ̀ dé ibẹ̀ ló ń ro bó ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dùn ún.

Ó bá Àǹtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí máṣínnì rẹ̀ wà, pẹ̀lú ìwé náà lórí itan. Mo ní láti sọ ọ́, ìránṣọ náà gún régé. Ìlà òwú pupa yẹn ò wọ́ rárá. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, òun kọ́. Bébà tí mo fi ń dán ẹ̀rọ wò ni."

"Mo mọ̀," Àǹtí sọ. "Ta ló rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti jáde? Ṣé n ò ní mọ bébà ìdánwò ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tútù tó ti ń kó jọ bọ̀ látọ̀nà dànù. Ó ní bí Àǹtí bá mọ̀, kí ló dé tó fi rán an.

Àǹtí wá sọ fún un. Ó ní ọjọ́ tí ó lọ ra bébà yẹn, òun wá, ìyàwó rẹ̀ sì ní kí òun na ọwọ́ sókè kí òun mú èyí tó wù òun lórí okùn, ó ṣe tán, òun ló ni ín. Òun mú ọ̀kan, òun gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn. Funfun ló wà níbẹ̀. Òun yí i padà, funfun. Òun mú òmíì, òun gbé e kan imú, funfun náà ni.

"Mo ní ó ti tán nìyẹn. Mo ní ojú mi ti lọ tán kí o tó parí ìwé rẹ. Mo jókòó sórí páálí rẹ, mo sunkún, ìyàwó rẹ di orí mi mú. Ìgbà tí mo wá tẹ orí ba ni mo rí ọwọ́ mi lára bébà nílẹ̀, ó dúdú, ó di sáásì mú. Mo ní háà, mo ṣì ń ríran." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀yìn ìwé náà. "Èyí tí mo lè rí ni mo kó. N ò lè dúró dè ọ́ mọ́."

Ẹ jẹ́ kí n má fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀fẹ̀ níbí. Ó dùn ún dé ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀. Íńkì tó fi gbogbo àkókò yẹn là kí ó má baà pariwo, òun ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó ti fọ́jú. Ó fi ìdì bébà tó gbé wá sí abẹ́ àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní Àǹtí, ẹ má bínú. Àǹtí ní òun ò bínú. Ó ní ṣùgbọ́n ojú ìwé kan wà tó ní òun máa kà, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Òun ti wá a. Òun rí i níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó bá wà ni nǹkan mìíì gùn ún lórí. Ó ní kí ó kà á fún òun.

Ó gba ìwé náà, ó ṣí i. Òun tó tẹ̀ ẹ́ pàápàá ò rí i kà. Apá ẹ̀wù ló dábùú ọ̀rọ̀, kọ́là wà lórí apá ẹ̀wù, ọ̀rọ̀ Akọ̀wé sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti to àwọn gbólóhùn yẹn, ó ti tú wọn, ó ti sún wọn sọ́tùn-ún sósì títí wọ́n fi há sí i lórí. Ó tẹjú mọ́ ibi dúdú náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látorí. Ó kà á pé lọ́dún tí Màmá kú, tíṣà wá sílé láti bẹ Àǹtí pé kó wá ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó Àǹtí ní kíláàsì yẹn. Àǹtí sọ fún tíṣà pé ìwé ti sú òun, aṣọ rírán ló wu òun. Ó wú ikọ́ níbẹ̀, ó ń bá a lọ.

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà. Mo rí yín nígbà tí tíṣà lọ tán, tí ẹ kó ìwé yín sínú àpótí, tí ẹ sì jókòó lé e lórí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá nǹkan tí mo máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, gbogbo èyí tí mo bá ṣe ló ń kéré lójú mi. Ẹ ṣeun, Àǹtí."

Àǹtí sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó wá ìwé náà kàn, ó fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sórí itan rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ dì í mú.

"Tún ibẹ̀ kà," ó ní. "Rọra kà á."

Ó tún un kà, Àǹtí sì ń fi ìka tọ ojú ìwé dúdú náà lọ, láti apá òsì sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń bá a kà á.